Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ọkùnrin Aláléébù Sínú Eré Tẹlifíṣọ̀n Láì Sọ Ìyàwó Rẹ̀ Di Àga

Ìran kan wà tí mo kọ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí títí dòní. Ọkọ wọlé lóru, ó gbá ìyàwó rẹ̀ létí, ìyàwó sunkún, ọkọ jáde. Èmi tí mo ń kọ̀wé náà bá ọkọ jáde. Mo tẹ̀lé e dé ilé ọtí, mo jẹ́ kó tú gbogbo ìbànújẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo tún jẹ́ kí òjò pa á lọ́nà kí àánú rẹ̀ lè ṣe òǹwòran. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà nígbà náà, ni wọ́n jókòó tì mí wò ó. Nígbà tó parí, wọ́n ní: "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ ni?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Láti ìpín kẹta títí dé ìkẹtàlá, obìnrin yẹn kò dìde lórí àga tí mo fi í sí. Bí ọkọ bá fẹ́ ẹni tó máa lù, á wá sílé. Bí ó bá fẹ́ ẹni tó máa bẹ̀, á tún wá sílé. Àga ni obìnrin náà lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré alátìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n tàbí fún YouTube ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ajàfẹ́tọ̀ọ́-obìnrin ni mí, mi ò sì fi bò. Tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, mo máa ń rán an létí àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, tí wọ́n fi orin bú Aláké nítorí owó orí títí ọba fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ṣùgbọ́n ìjà fẹ́tọ̀ọ́ obìnrin kò ní kí n máa kọ ọkùnrin rere nìkan o. Ọkùnrin tó ń jí ní kùtùkùtù, tó ń fọ abọ́, tó ń gbé owó oúnjẹ sílẹ̀, tí kì í parọ́, kí Ọlọ́run bá wa dá irú rẹ̀ sí, àmọ́ kí la fẹ́ fi ìpín mẹ́tàlá wò lára rẹ̀? Aláléébù ló ń mú eré rìn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí a ṣe máa kọ àléébù náà.

Ẹ kọ́kọ́ yọ òògùn kúrò

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn yìí. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìrẹ̀pọ̀. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìyàwó, ó kó àlè wọlé, ó lé ìyálé jáde tòun tọmọ. Ní apá kejì, a wá gbọ́ pé ìyàwó kékeré ti fi nǹkan sínú àsáró tó jẹ, tàbí pé ìyá ọkùnrin náà ló gbé orúkọ rẹ̀ lọ síbì kan. Wòlíì gbàdúrà, tàbí kí bàbá kan fún un ní àgbo, ọkùnrin náà bì, ojú rẹ̀ là, ó sì ń béèrè pé, "Níbo ni ìyàwó mi wà?" Gbogbo ẹbí wá ń bẹ ìyálé.

Ta ló ṣẹ̀ nínú ìtàn yẹn? Obìnrin ló ṣẹ̀. Obìnrin náà ló máa dárí jì. Ọkùnrin tó na ọwọ́, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé àlè, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣe é ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá òògùn ń jẹ́ tàbí kò jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí òògùn bá ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán, òǹkọ̀wé kò tíì kọ ọkùnrin kankan.

Ẹ mú ìwé eré yín, ẹ fa ìlà pupa lórí gbogbo ìran tí òògùn, àfọ̀ṣẹ tàbí ìyá ọkọ ti ru ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka èyí tó kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ogójì ojú ìwé ni mo ní. Mẹ́fà ló ṣẹ́ kù. Nínú mẹ́fà yẹn, mo rí ọkùnrin kan tó fẹ́ràn obìnrin mìíràn, tí kò láyà láti sọ ọ́ fún ẹni tó wà nílé, tó wá ń wá ìjà kí ó lè rí ìdí láti sùn síta. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ni nǹkan kí ọwọ́ ọkùnrin náà tó kàn án

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé yín pé "òǹrorò ni" tàbí pé "kò níwà." Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, ní pàtàkì ohun tó ń fi owó ṣe, nítorí owó kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi Múfú ṣe àpẹẹrẹ, ọkùnrin tí mo kọ sínú eré mi kejì. Múfútáù ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àgódì Gate, n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọmọ tó kọ́ níṣẹ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù fún, ti ń wa Corolla. Òun ṣì ń wọ Micra lọ sí ìsọ̀, tí wọ́n fún un mọ́ èrò mẹ́ta lẹ́yìn. Ojú ń kán an. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Kò ní àléébù mìíràn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ìyẹn náà tó láti bà á jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mí, ni alájọ fún obìnrin mẹ́tàlélógún ní Bódìjà. Inú agolo mílíìkì ló ń kó owó sí kí ó tó gbé e fún ẹni tó kàn. Nígbà tí wọ́n lọ ṣe ìsọmọlórúkọ nílé ọmọọṣẹ́ yẹn, tí olórin fújì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Múfú, "Àgbà Gate! Ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá!", Múfú dìde. Ó ná ₦180,000 lójú agbo. Owó inú agolo ni.

Mo kọ ìran yẹn kí ara òǹwòran lè yá gágá. Mo kọ gángan tó ń pe orúkọ rẹ̀, mo kọ bí ó ṣe ń ju èjìká, mo kọ ojú ọmọọṣẹ́ tó di ojú ọmọdé padà. Bí kò bá dùn mọ́ òǹwòran, kò ní lóye ohun tó mú ọkùnrin náà. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ bíi tèmi kan máa ń bẹ̀rù ibí yìí. Wọ́n rò pé tí a bá mọ ìdí tí èèyàn fi ṣe nǹkan, a ti dá a láre nìyẹn. Rárá o. Ìdí yàtọ̀ sí àwíjàre.

Ohun tí mo ṣe kí ó má baà di àwíjàre ni pé mo gbé ìran kan síwájú òde ìsọmọlórúkọ náà. Kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Rẹ̀mí ń fi rọ́bà di owó ní ìdì ní ìdì, ó ń pe orúkọ bí ó ṣe ń dì í: ti Ìyá Ìbejì alátà, ti Ṣìkírátù eléèpo, ti Ìyá Wòlíì. Nítorí náà, nígbà tí náírà ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin, òǹwòran ń jó, ó sì tún mọ̀ pé ata Ìyá Ìbejì ló lẹ̀ mọ́bẹ̀ yẹn. Mi ò nílò ọ̀rọ̀ ìwàásù kankan mọ́.

Ẹ̀rín ńkọ́?

Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Moses Ọláìyá, Bàbá Sálà tó kú ní 2018, fi ahun àti olójúkòkòrò pa wá lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wò ó dáadáa, orí òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rín náà máa ń já lé. Obìnrin ni Amaka Igwe, òun ló sì dá Chief Fuji sílẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n Checkmate, tí Kunle Bamtefa ṣe, kí ó tó wá kọ́ odindi Fuji House of Commotion lé ọkùnrin náà lórí. Olóbìnrin púpọ̀, aláriwo, tó ń pe ara rẹ̀ ní olórí ilé nígbà tí ilé ń da òun láàmú. Àwọn ìyàwó ibẹ̀ ní èrò tiwọn. Bí ẹ bá kọ àwàdà, ẹ kàn béèrè pé orí ta ló já lé. Bí ó bá jẹ́ orí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, ẹ fa ìlà lé e.

Tó bá jáde, ẹ má tẹ̀lé e

Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ mú èyí dání.

Nínú Breaking Bad, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 2008 sí 2013, olùkọ́ kẹ́místìrì kan tí jẹjẹrẹ ń bá fínra di ẹni tó ń po oògùn olóró tà. Ó ń parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó ń pààyàn, ó fi ewu sínú ilé ara rẹ̀. Síbẹ̀, Skyler ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kórìíra. Ó le débi pé Anna Gunn, òṣèré tó ṣe Skyler, kọ̀wé sínú New York Times ní oṣù kẹjọ 2013 nípa ìkórìíra náà, tó ti kúrò lórí Skyler tó ti dé orí òun alára. Anna Gunn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Lójú tèmi, ibi tí kámẹ́rà dúró sí ló fà á. Ẹ̀yìn ọkọ la wà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti mọ àṣírí mẹ́wàá kí ìyàwó tó fura sí ọ̀kan. Nígbà tó wá béèrè ohun tí ìyàwó èyíkéyìí á béèrè, ṣe ló dà bí ẹni tó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń dí wa lójú.

Nítorí náà, kí kámẹ́rà dúró nínú yàrá nígbà tí ọkùnrin náà bá ti lọ. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ alẹ́ ọjọ́ tí Múfú ti òde dé ni pé Rẹ̀mí figbe ta, Múfú gbá a, ó jáde, a tẹ̀lé e. Mo fa á ya. Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀:

Òru. Múfú wọlé pẹ̀lú ṣúyà nínú bébà. Rẹ̀mí wà lórí ẹní, ó to káàdì àjọ síwájú.

RẸ̀MÍ: Ẹ káàbọ̀, Bàbá Káfáyà.

MÚFÚ: O ò tíì sùn? Mo ra ṣúyà bọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó o fẹ́ràn.

RẸ̀MÍ: Ẹ ṣé o. Ọ̀la ni mo máa kówó fún Ìyá Ìbejì.

MÚFÚ: Ẹn-ẹ́n. Ọlọ́run á jẹ́ kó rí nǹkan gidi fi ṣe.

RẸ̀MÍ: Agolo yẹn ti fúyẹ́.

MÚFÚ: Ata wà lára ẹ̀ dáadáa. Jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Ó wọ yàrá lọ.

A ò tẹ̀lé e. Rẹ̀mí mú ìwé Káfáyà ọmọ wọn kan, ó ya ojú ewé kan kúrò láàárín, ó kọ orúkọ obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Ó fi òdo yí mẹ́rin ká, àwọn tí kì í tètè pariwo. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ó pa fóònù kí wọ́n tó gbé e. Ó wá pe Ìyá Ìbejì: "Ẹ kúule mà. Ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì ni ò dáa látàárọ̀. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà." À ń gbọ́ tí Múfú ń hanrun nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, Rẹ̀mí fa ṣúyà sún mọ́ra, ó jẹ ẹ́, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ká bébà náà sí mẹ́rin.

Olùdarí fẹ́ gé ibi ṣúyà kúrò. Ó ní obìnrin tí wọ́n jí owó rẹ̀ kò ní lè jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, ìyá mi pè mí, wọn ò tiẹ̀ kí mi: "Ó jẹ ṣúyà náà!"

Bí ẹ bá fẹ́ dán ìwé tiyín wò, ẹ yọ gbogbo ìran tí ọkọ wà nínú rẹ̀, kí ẹ ka ti ìyàwó nìkan tẹ̀lé ara wọn. Ṣé ìtàn ni? Ṣé obìnrin náà ní ibi tó ń lọ? Àwọn kan á tọ́ka sí òdiwọ̀n tí Alison Bechdel yà sínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ní 1985, pé kí obìnrin méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kì í ṣe ọkùnrin. Kò burú, àmọ́ ẹ fi obìnrin méjì sí ọjà Bódìjà, iye tí wọ́n ń ta kóńgò èlùbọ́ ni wọ́n máa sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ti yege, ẹ ò sì tíì kọ nǹkan kan.

Obìnrin náà kì í ṣe áńgẹ́lì

Ẹ ti rí i pé Rẹ̀mí parọ́. Àwọn kan bínú sí mi nítorí ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù yìí bà yín. Obìnrin tí kò lè ṣẹ̀, àga náà ni. Wọ́n kàn tẹ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì sórí tirẹ̀ ni.

Nínú The Sopranos, eré Amẹ́ríkà mìíràn, ní 2001, Carmela, ìyàwó ọ̀gá ọ̀daràn, lọ bá dókítà ọpọlọ kan. Dókítà náà kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní owó ẹ̀jẹ̀ ni, pé kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílé yẹn, pé bó bá dọ̀la kò ní lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún òun. Carmela padà sílé. Kí ìpín yẹn tó parí, ó ti gba ìlérí $50,000 lẹ́nu ọkọ rẹ̀ fún yunifásítì tí ọmọ wọn ń lọ. Ojú rẹ̀ là kedere, ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo fẹ́ràn ìran yẹn ju gbogbo ìbọn inú eré náà lọ.

Nípa lílù: ẹ má fi orin sí i, ẹ má sì ya á kó lẹ́wà. Nínú ìpín karùn-ún, a ò rí ọwọ́ Múfú. Ilé kejì la wà, aládùúgbò gbọ́ ìró, ó yí ohùn rédíò rẹ̀ sókè. Ó tán.

Ìdọ̀bálẹ̀ ìparí

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, tí mi ò ní dárúkọ, dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìparí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn àgbà jókòó, kí ìyá ọkọ sunkún, kí wọ́n ní "nítorí àwọn ọmọ," kí Múfú dọ̀bálẹ̀, kí Rẹ̀mí gbé e dìde, kí orin wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ̀ ìpín méjìlá! Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé; òǹwòran tó wà nílé, ẹni tó kó o ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wọn ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú gbèsè. Múfú jẹ ₦180,000. Mo ní kó máa san ₦2,000 lójúmọ́ ní Bódìjà, àádọ́rùn-ún ọjọ́. A rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá rí i, ó dúró síwájú àtẹ, àwọn obìnrin náà ń fi itọ́ sọ́wọ́, wọ́n ń ka owó lójú rẹ̀, wọn ò kánjú. Mi ò sọ bóyá Rẹ̀mí dárí jì í. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbà á.

"Ẹ" àti "ìwọ"

Ẹ ò ní rí èyí nínú ìwé ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní in. Rẹ̀mí ń sọ "ẹ" fún Múfú, Múfú ń sọ "o" fún un. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ru gbogbo ilé náà. Ẹ má fi ṣòfò. Mo rí ìwé eré tí ìyàwó ti ń sọ "ìwọ ọkùnrin yìí" láti ìpín kìn-ín-ní. Nígbà tí ìbínú gidi wá dé, kò sí ohun tó máa sọ mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì mọ ìpín tó máa jẹ́.

Nínú tiwa, ìpín kẹsàn-án ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ ya á, òṣèrébìnrin wa kọ́kọ́ lọ bá òṣèré tó ń ṣe Múfú lábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o, iṣẹ́ ni." Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n tan iná. Rẹ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà, agolo mílíìkì lọ́wọ́.

"Múfú. Níbo lo kó owó wọn sí?"

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún un láti fi dáhùn ni "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ọkùnrin náà la ẹnu, kò rí i sọ. Ó wo agolo, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ… ẹ jókòó ná," ló sọ.

Olùdarí gbàgbé láti dá wọn dúró. Kò sí nínú ìwé eré, àmọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀.